"Akéwì Ni Wá, A Kì Í Ṣe Akọ̀ròyìn": Ta Ló Pa Irú Irọ́ Yìí fún Yín?

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀ lónìí. Ilé ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní Ìfọ́n, níbi tí mo ti wá lo ìsinmi. Iná ò sí láti àná, torí náà bíró àti ìwé àjákọ ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó bá máa bá mi tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tòkópì, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́lá Ọlọ́run, kó wo àmì ohùn mi dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, mo kọ ọ́ sínú ewì mi pé bàbá àgbà gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń lọ sóko. Ohun tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì kà ni pé bàbá àgbà gbé ọkọ lé èjìká, ó ń lọ sóko. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń pè mí ní Gbọ́kọléjìká. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ìpàdé wa tó kẹ́yìn kí a tó gba ìsinmi, mo dá a lábàá pé kí ìwé wa yìí ní ojú ewé méjì fún ìròyìn. Ìròyìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìròyìn ìlú tí kálukú wa ti wá, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn. Ẹnìkan dìde, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà kan náà la ti jọ ń jẹun. Ó ní, "Akéwì ni wá, a kì í ṣe akọ̀ròyìn." Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn fi tirẹ̀ lé e: ìròyìn a máa kan bí ọbẹ̀ àná, ewì ló ń pẹ́ láyé. Ẹ tún pàtẹ́wọ́. A dìbò. Ìbò mẹ́ta ni mo rí, tèmi wà nínú rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ ti pàtẹ́wọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá wo ló kọ́kọ́ jáde? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ ọ́ nínú ìdánwò ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì fún mi ní máàkì rẹ̀. Fágúnwà tóbi. Ta ni mí tí n óò máa bá Fágúnwà jà? Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìwé Fágúnwà, ìwé ìtàn àròsọ kan ti wà nígboro Èkó. Akọ̀ròyìn ló kọ ọ́. Inú ìwé ìròyìn ló ti kọ́kọ́ jáde, díẹ̀díẹ̀, lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ọjà àti ìròyìn ìsìnkú.

Isaac Babalọlá Thomas ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n bí i ní 1888, ó kú ní 1963. Ní 1928, nígbà tó ti tó ọmọ ogójì ọdún, ó dá Akéde Èkó sílẹ̀. Òun ló ni ín, òun ni olóòtú rẹ̀, òun náà sì tún ni akọ̀ròyìn. Kì í ṣe òun nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn o. Àárín ọdún mẹ́wàá péré, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: Adéoyè Dénígà gbé Èkó Akéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, Èkó Ìgbẹ̀hìn dé ní 1926, kí Akéde Èkó tó wá dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí ìdí rẹ̀ pátápátá, ẹ lọ bá Townsend ní Abẹ́òkúta ní 1859, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ìyẹn ti òyìnbó ìjọ. Ti ọdún 1920 síwájú yìí, ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Oṣù keje ọdún 1929. Akéde Èkó jáde bó ṣe máa ń jáde. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní òun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun dúró, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun àti bí àwọn ọkùnrin Èkó ṣe gba ọwọ́ òun kọjá, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́tà mìíràn dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, òmíràn. Orúkọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà nínú rẹ̀, orin tí wọ́n ń kọ nígboro wà nínú rẹ̀, orin ìjọ wà níbẹ̀, ẹsẹ Bíbélì wà níbẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀, olóòtú ń tẹ lẹ́tà wọn jáde, ìtàn náà ń lọ, èsì òǹkàwé ń bá a rìn. Lọ́dún 1930 kan náà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan: Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Thomas dúró sẹ́yìn, ó ṣe bí ẹni tó kàn bá a tẹ̀ ẹ́ jáde lásán.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ bá mi jà nítorí pé wọn ò fi orúkọ yín sí òkè ewì yín gàdàgbà! Ẹni tó kọ ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́.

N kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé gbogbo ohun tí Thomas ṣe ló dára. Bí olóòtú kan bá ṣe irú rẹ̀ lónìí, kó tẹ ìtàn àròsọ jáde bí òótọ́ fún oṣù mẹ́jọ, èmi ni n óò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. A ti rí ohun tí irọ́ ń ṣe lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà ńbẹ̀: ọkùnrin ló wọ aṣọ obìnrin tó sì fi ohùn obìnrin bá àwọn obìnrin wí. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ tí mo yin ìwé náà níwájú wọn. Wọ́n bi mí pé àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ náà ńkọ́, lẹ́tà tiwọn dà? N ò rí èsì fún wọn, n ò sì tíì rí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjà tí à ń jà! Ìwé tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni, à ń jà lórí rẹ̀ bí ẹni pé àná ló jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìròyìn a máa kan, ẹ wá gbọ́ òórùn èyí wò.

Bí mo ṣe ka ìwé náà gan-an tún jẹ́ ìtàn mìíràn. Karin Barber, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà kan rí, ló tún un gbé jáde ní 2012, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Ní Leiden ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní ilẹ̀ Netherlands. Ẹ wo ọ̀nà tí Sẹ̀gilọlá gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìfọ́n: ó ti Èkó lọ sí Yúróòpù, ó padà wá bí ẹ̀dà fọ́tòkópì tí ojú ìwé méjì ti sọnù nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí obìnrin yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un. Ojú sì ń tì mí nítorí tiwa. Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà nínú ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì gan-an. Ta ló ti lọ wò ó nínú wa? Èmi náà ò tíì lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè fi mú mi.

Ẹ má sì rò pé ìwé kan yẹn ni Thomas fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Nǹkan tó wù mí jù lára ọkùnrin yìí ni bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wà nídìí Akéde Èkó. A máa kúrò ní Èkó, a máa rìnrìn àjò lọ sí àwọn ìlú òkè, a ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn fún àwọn tí wọn ò lè lọ. Nígbà tí Herbert Macaulay kú ní 1946, Thomas wà lára àwọn tó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Akọ̀ròyìn, olóòtú, òǹkọ̀wé. Lójú tiwa lónìí, iṣẹ́ mẹ́ta ni, a sì ti to wọn bí àkàsọ̀: akéwì lókè, òǹkọ̀wé tẹ̀lé e, akọ̀ròyìn nísàlẹ̀, olóòtú ò tilẹ̀ sí lórí àkàsọ̀ rárá, ìta ló jókòó sí, ó ń mú bíró pupa dání. Lójú Thomas, mo gbà pé iṣẹ́ kan náà ni. Tábìlì kan náà ló fi ń ṣe é. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìwé gbọ́dọ̀ jáde kò lè jókòó de ẹ̀mí àìrí kó tó kọ̀wé. Ẹni tó mọ̀ pé bí ìtàn bá sú èèyàn lọ́sẹ̀ yìí, wọn ò ní ra bébà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kó ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Kò sí kíláàsì tó kọ́ ọ.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń kùn lẹ́yìn: "Ìtàn àròsọ nìyẹn. Ewì ńkọ́?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn.

Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá. Orúkọ yìí, gbogbo ẹni tó bá ń ṣe Yorùbá ló ti gbọ́ ọ, a sì máa ń pè é ní ọ̀kan lára àwọn baba ewì alákọsílẹ̀ wa. Ohun tí a kì í sọ ni pé ìwé ìròyìn ló ń ṣe. The Yoruba News ló bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1945. Ìwé ewì rẹ̀ mẹ́ta, Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927, Ìwé Kejì ní 1934, Ìwé Kẹta ní 1945, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jáde ní ìgbà tí kò ṣe olóòtú. Ewì rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn náà kó tó di ìwé. Ní Ìbàdàn kan náà ló ti wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, àwọn tí wọ́n kóra jọ nítorí ìtàn àti àṣà wa kí ó má bàa parun. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń sọ pé òwe àti ọ̀rọ̀ àgbà ló kó jọ, pé kì í ṣe ewì tó ti ọkàn ara rẹ̀ wá. Wọ́n lè tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ káàkiri láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó ń tò ó, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde? Akọ̀ròyìn ni! Ẹ̀bi tí wọ́n dá a gan-an ni ẹ̀rí mi. Bí Ọbasá bá sọ pé akéwì ni òun, òun kì í ṣe akọ̀ròyìn, kí là bá máa fi ṣe ìdánwò ewì lónìí?

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé Adébáyọ̀ Fálétí, tó fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ kàn fi í kún un.

Nísinsìnyí, ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí. N ò sọ ọ́ ní ìpàdé nítorí pé ẹ̀rín yín ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ìlú mi ni Ìfọ́n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìbíní. Kì í ṣe Ìfọ́n ti Ọ̀ṣun o, ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ọba wa, Olúfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ń bọ̀ láti ibi ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́. Ní ẹ̀bá Ẹlẹ́gbẹ̀ka, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ wá sí Ìfọ́n, àwọn agbébọn yìnbọn sí i. Ọba ò dé ààfin.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Rédíò sọ ọ́, gbogbo ìlú sì ti gbọ́ kí rédíò tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi ní ọ̀rọ̀ rédíò a máa fò lọ ni, òun fẹ́ rí i nínú ìwé. Bíbélì Yorùbá ni ìyá àgbà fi mọ̀wé kà, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi kan mú bébà bọ̀ láti Ọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni. N ò sọ pé kò sí ìwé ìròyìn Yorùbá kankan nílẹ̀ yìí, Aláròyé ti Aláo Adédayọ̀ wà látọjọ́ pípẹ́. Èyí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ìfọ́n lọ́jọ́ náà ni mò ń sọ. Ìyá àgbà ní, "Ọkọ mi, kà á fún mi." (Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.)

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Mo ní wọ́n ní àwọn tí wọ́n fura sí pé ajínigbé ni wọ́n. Ìyá àgbà ní, "Ta ló fura sí wọn?" Mo wo bébà, kò sí níbẹ̀. Mo ní wọ́n pa ọba. Ó gbá mi lẹ́nu. Ó ní a kì í sọ bẹ́ẹ̀, ọba a máa wàjà ni. Mo dákẹ́. Mo tún un kà: ọba wàjà. Ìyá àgbà náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó ní, "Rárá o. Èyí kọ́ ni wíwàjà." Ọba tó wàjà, ó ti gbó, ó ti tọ́, ó wọlé lọ bá àwọn baba rẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n yìnbọn lù lójú ọ̀nà bí ẹran ìgbẹ́, kí la fẹ́ pè é? Òun ò mọ̀. Èmi ò mọ̀. A jókòó síbẹ̀, ìwé ìròyìn wà lórí ẹsẹ̀ mi, a ò sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè wa tí a lè fi ròyìn ikú ọba wa láìparọ́, láìsì tàbùkù ọba.

Ẹ̀yin akéwì, iṣẹ́ ta nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni àbí iṣẹ́ akéwì? Ẹni tó bá máa kọ ìròyìn yẹn ní Yorùbá tí ìyá àgbà mi á fi gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, ó gbọ́dọ̀ mọ òótọ́ bí akọ̀ròyìn, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ bí akéwì, ẹnìkan tún gbọ́dọ̀ wà tó máa kà á kó tó jáde, kó sọ pé, "Rárá o, èyí kọ́." Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe fi Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí gbogbo ilé ń fẹ́ kí n kọ Ọ̀fin.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín padà sí Èkó ìgbà náà, kí ẹ lè rí ohun tó ń dùn mí. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ lórí oyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó di 1931 kó tó padà sí Èkó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìyá tó ń ta ata lọ́jà Èkó, bó bá ti lè ka Yorùbá, ó lè ra bébà kó ka ọ̀ràn ọba rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Akíntàn tilẹ̀ kọ odindi ìwé lórí bí ẹjọ́ Ẹlẹ́kọ ṣe parí, ní 1931 náà. Ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n lé Ẹlẹ́kọ kúrò nílùú, wọ́n pa ọba ní Ìfọ́n, ìyá àgbà mi ní láti gba ẹnu ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí kò mọ̀tún mọ̀sì gbọ́ ọ. Ṣé ìlọsíwájú la ń pe èyí?

Àwa náà ńkọ́, nínú ẹgbẹ́ wa? Mo kó ẹ̀dà ìwé wa mẹ́rin tó kẹ́yìn bọ̀ wálé, mo kà wọ́n tán pátá. Ewì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú wọn. Mọ́kànlá dá lórí ìfẹ́. Méje dá lórí òṣùpá, òṣùpá tí gbogbo wa ò tilẹ̀ gbójú sókè wò mọ́ torí fóònù. Márùn-ún bú ìjọba láìdárúkọ ibì kan, láìdárúkọ ọjọ́ kan, ẹ lè mú un lọ sí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, yóò bá wọn mu. (Méjì nínú márùn-ún yẹn, èmi ni mo kọ wọ́n, n ò yọ ara mi sílẹ̀.) Kò sí ìlú kan tí a dárúkọ nínú gbogbo rẹ̀ àyàfi Èkó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ wà nínú wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Àgùdà St Francis ní Ọ̀wọ̀, nílùú rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, lásìkò ìsìn. Ó sọ fún mi ohun tó rí lọ́jọ́ náà nígbà tí a ń ti kíláàsì bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà mú kí ẹsẹ̀ mi dúró. Nígbà tó máa kọ̀wé fún wa, òṣùpá ló kọ. Mo bi í léèrè. Ó ní òun rò pé ìyẹn kì í ṣe lítíréṣọ̀, ìròyìn ni.

Ẹ rí ohun tí ọ̀rọ̀ "a kì í ṣe akọ̀ròyìn" ń ṣe? Ó ń di ẹnu ẹni tó ní nǹkan sọ.

Kẹ́ ẹ sì wo ọ̀rọ̀ èdè fúnra rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wa ń kọ, ṣùgbọ́n Ọ̀ghọ̀ ni àwọn onílé ń pè é. Tiwa ní Ìfọ́n náà ní bó ṣe ń dún tí n ò lè gbọ́ níbòmíràn. Níbo la ti ń kọ ọ́ sílẹ̀? Nínú ewì òṣùpá, Yorùbá ìwé la máa ń lò, ó mọ́ tónítóní bí aṣọ ọjọ́ ìdánwò. Bí a bá ń kọ ohun tí ìyá kan sọ lọ́jà Ìfọ́n, bó ṣe sọ ọ́ la máa kọ ọ́. Ìròyìn á fi tipátipá gbé ẹ̀ka èdè wa wọ inú ìwé. Thomas kó orin ìgboro àti ọ̀rọ̀ ìgboro Èkó sínú Akéde Èkó nítorí pé ìgboro ló ń kọ̀wé sí.

Wàyí o, ọkọ́ àti ọkọ. Mo ti ṣèlérí pé mo máa padà. Ẹgbẹ́ wa ní ààrẹ, ó ní igbákejì ààrẹ, akọ̀wé, akápò, alukoro, kódà ó ní olórí àwọn aláṣọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ a ò tíì rán aṣọ rí. Kò ní olóòtú! Ẹni tó bá ráyè lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ ṣe fọ́tòkópì ló máa ń to ìwé pọ̀. Nígbà tí mo ní ká yan olóòtú, wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tí kò lè kọ ewì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọbasá fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe é. Thomas fi ohun tó lé ní ogún ọdún ṣe é. Àwọn méjèèjì yìí ló fún wa ní ohun tí à ń kà fún ìdánwò, ẹ̀yin wá ń sọ pé iṣẹ́ aláìmọ̀kan ni. Bí olóòtú bá wà, bàbá àgbà mi ì bá gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko ní àlàáfíà.

Àwọn kan sọ pé owó ojú ewé méjì yẹn ńkọ́. Ìyẹn nìkan ni àtakò tó mọ́gbọ́n dání lọ́jọ́ náà, mo sì gbà á. Bébà wọ́n, onífọ́tòkópì ti fi owó kún owó. Ẹ yọ ewì mi méjèèjì tó bú ìjọba kúrò nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Àyè ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tí a máa ń lò. Mo máa tún àbá náà dá. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ṣèlérí pé òun máa mú nǹkan kan wá, n ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ takò mí, kó wá, ṣùgbọ́n kó ka Sẹ̀gilọlá ná. Ẹ̀dà tèmi wà, àyàfi ojú ìwé méjì yẹn. Tèmi ti wà nínú ìwé àjákọ yìí. Mo lọ sọ́jà níbí, mo bi àwọn ìyá tó ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ kó ọjà pé aago mélòó ni wọ́n ń kúrò nílé báyìí, aago mélòó ni wọ́n kì í jẹ́ kó lù wọ́n lójú ọ̀nà, àti ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ni. Mo kà á fún ìyá àgbà lánàá, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò. Mo ti yọ wọ́n.